Funfun àti kírímù (ọ̀dà ògiri inú ilé)

Funfun àti kírímù jẹ́ àwọ̀ méjì tí a sábà máa ń fi ọ̀dà wọn kun ògiri inú ilé. Àwọn méjèèjì súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nínú ilé méjì tí ó jìnnà síra, lè má mọ èyí tí ó jẹ́ funfun àti èyí tí ó jẹ́ kírímù. Ṣùgbọ́n bí a bá kùn wọ́n sí ara ògiri kan náà, ìyàtọ̀ wọn a hàn kedere. Ìdí nìyí tí yíyan ọ̀kan nínú wọn fún yàrá kan fi máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin onílé àti akunlé, tí a sì máa ń rí yàrá tí wọ́n tún kùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan péré tí wọ́n parí rẹ̀. Ẹ̀bi náà kì í sábà jẹ́ ti ojú ẹni tí ó yàn án. Àwọ̀ kì í parí sínú garawa ọ̀dà: ìmọ́lẹ̀ tí ó wọ yàrá, àwọ̀ ilẹ̀ àti àga tí ó wà nítòsí, àti bí ọ̀dà náà ṣe gbẹ, ni wọ́n jọ ń pinnu ohun tí ojú yóò rí.

Orúkọ àwọn àwọ̀ méjèèjì

Funfun jẹ́ ọ̀kan lára orúkọ àwọ̀ mẹ́ta tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ nínú èdè Yorùbá. Àwọn méjì yòókù ni pupa àti dúdú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń bá a rìn: fun, pọ́n àti dú. Ìdí nìyí tí a fi lè sọ pé ata pọ́n tàbí pé ìdí ìkòkò dú, láì dárúkọ àwọ̀ kankan. Ilẹ̀ tí pupa ń ṣàkóso gbòòrò gan-an. Epo pupa wà nínú rẹ̀. Àgbàdo pupa wà nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ jọ èso ìyeyè ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Ẹni tí awọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ náà ń jẹ́ ẹni pupa. Bí a bá fẹ́ ya èyí tí kò pọ́n púpọ̀ sọ́tọ̀, a lè pè é ní pupa rúsúrúsú. Bí a bá sì fẹ́ fi hàn pé funfun kan kò ní àbùlà, a lè pè é ní funfun báláú.

Kírímù kò ní ààyè tirẹ̀ nínú ètò yìí. Ọ̀rọ̀ àyálò ni láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti jẹ́ orúkọ ọ̀rá tí ó máa ń léfòó sójú wàrà, lẹ́yìn náà ni ó di orúkọ àwọ̀ ọ̀rá náà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe ìpara tí a ń fi pa ara. Bí a bá fi orúkọ Yorùbá wò ó, ẹnubodè láàrin funfun àti pupa ni kírímù dúró sí. Ẹni tí ó bá rí ògiri kírímù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn tí ó pọ́n fòò lè pè é ní funfun, kò sì purọ́. Bí ẹlòmíràn bá gbé ìwé funfun lé ògiri yẹn kan náà, ó lè sọ pé ògiri ọ̀hún pọ́n díẹ̀, òun náà kò sì purọ́.

Brent Berlin àti Paul Kay, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1969 lórí orúkọ àwọ̀ ìpìlẹ̀ nínú onírúurú èdè. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé bí èdè kan bá ní orúkọ àwọ̀ ìpìlẹ̀ mẹ́ta péré, àwọn mẹ́ta náà a máa jẹ́ èyí tí a lè túmọ̀ sí funfun, dúdú àti pupa. Àwọn kan ti ka irú ètò bẹ́ẹ̀ sí àìtó èdè. Èrò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Akunlé tí ó sọ pé ọ̀dà kan “pọ́n jù” ti sọ ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nípa kírímù: pé pípọ́n rẹ̀ ní ìwọ̀n, àti pé ohun mìíràn ni a fi ń wọn pípọ́n náà. Orúkọ dídùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọ̀dà máa ń kọ sí ara káàdì àpẹẹrẹ wọn kò sọ tó bẹ́ẹ̀. Kírímù ilé-iṣẹ́ kan lè fẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ilé-iṣẹ́ kejì lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni “funfun” kan náà lè fara jọ àwọ̀ eérú tàbí kí ó tan díẹ̀ sí àwọ̀ ojú ọ̀run. Ní Brítéènì, magnolia ni orúkọ tí ó gbajúmọ̀ jù fún irú kírímù tí àwọn onílé máa ń fi kun ilé tí wọ́n fẹ́ fi háyà, gbogbo ọmọ Yorùbá tí ó ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí ni yóò sì dá a mọ̀.

Nítorí àìdúró-lójú-kan orúkọ wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ fi ṣe ètò tí ó ń lo nọ́ńbà. Albert Munsell, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní Amẹ́ríkà, gbé ètò tirẹ̀ jáde ní ọdún 1905. Ohun mẹ́ta ni ó fi ń ṣàpèjúwe àwọ̀: irú àwọ̀ tí ó jẹ́, bí ó ṣe mọ́lẹ̀ tó, àti bí ó ṣe ki tó. Àjọ àgbáyé tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, tí a mọ̀ sí CIE, ṣe ètò wíwọn àwọ̀ ní 1931, ó sì ṣe òmíràn ní 1976 tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọ̀dà ṣì ń lò. Bí a bá fi ètò Munsell wò ó, funfun àti kírímù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ nínú mímọ́lẹ̀. Irú àwọ̀ àti kíki rẹ̀ ni ó yà wọ́n: kírímù gba àwọ̀ ìyeyè díẹ̀, funfun kò gbà á.

Ohun tí ó wà nínú ọ̀dà

Ṣáájú kí ọ̀dà inú garawa tó dé, ẹfun, osùn àti èlú wà lára ohun tí a fi ń kun ògiri ojúbọ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọwọ́ àwọn obìnrin ni iṣẹ́ náà sì sábà máa ń wà. Ẹfun ni ó ń fúnni ní funfun. Ohun tí ó jọ ẹfun ṣì wà nínú ọ̀dà olómi tòní, pàápàá jù lọ nínú èyí tí owó rẹ̀ kò wọ́n: ìyẹ̀fun òkúta tí àwọn onímọ̀ ń pè ní calcium carbonate. Ṣùgbọ́n èròjà tí ó ń sọ ọ̀dà di funfun báláú ni titanium dioxide, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún títà ní Norway àti Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Agbára rẹ̀ wà nínú bí ó ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Nọ́ńbà tí a fi ń wọn títẹ̀ yìí tó 2.7 fún oríṣi rẹ̀ tí ó dára jù, nígbà tí ti calcium carbonate kò ju nǹkan bí 1.6 lọ, tí ti àwọn ohun tí ń so ọ̀dà pọ̀ sì wà ní nǹkan bí 1.5. Bí èròjà àti ohun tí ó so ó pọ̀ bá súnmọ́ra jù, ìmọ́lẹ̀ a kọjá láàrin wọn bí ẹni pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀.

Èyí ni ó fà á tí ọ̀dà funfun olówó pọ́ọ́kú fi máa ń dà bí omi ẹ̀kọ ní kété tí a bá kùn ún, tí ògiri àtijọ́ á ṣì máa yọjú lábẹ́ rẹ̀, tí ó sì máa ń funfun nígbà tí ó bá gbẹ. Bí omi ti ń lọ ni afẹ́fẹ́ ń gba ààyè rẹ̀ láàrin ìyẹ̀fun náà, afẹ́fẹ́ ọ̀hún ni ó sì ń jẹ́ kí funfun rẹ̀ hàn. Bí omi bá ta sí irú ògiri bẹ́ẹ̀, ojú ibẹ̀ a tún ṣókùnkùn títí yóò fi gbẹ. Ọ̀dà tí ó dára, tí ohun tí ó so ó pọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, a máa ṣe òdì-kejì: nígbà tí ó bá tutù ni ó mọ́lẹ̀ jù, yóò sì ṣókùnkùn díẹ̀ bí ó bá gbẹ. Nítorí náà, kò sí ìdájọ́ kankan tí a lè ṣe lórí ọ̀dà tútù, yálà funfun ni tàbí kírímù.

Kírímù kì í ṣe ọ̀dà tí ó yàtọ̀ láti ìpìlẹ̀. Ọ̀dà funfun ni tí a fi ìwọ̀nba èròjà aláwọ̀ ìyeyè sí, nígbà mìíràn pẹ̀lú pupa tàbí dúdú tí kò tó nǹkan. Irin ni orísun èròjà ìyeyè tí ó wọ́pọ̀ jù, ìbátan ohun tí a ń rí lára irin tí ó ti dógùn-ún. Funfun tí ó mọ́ jù náà kì í sábà jẹ́ funfun lásán. Àwọn tí ń ṣe é a máa fi àwọ̀ búlúù tàbí dúdú díẹ̀ sí i láti pa àwọ̀ ìyeyè tí ó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí alágbàfọ̀ ṣe máa ń fi búlúù sínú omi tí ó fi ń ṣan aṣọ funfun. Èyí já sí pé nígbà tí a bá ń fi irú funfun bẹ́ẹ̀ wé kírímù, àwọ̀ méjì tí wọ́n dojú kọ ọ̀nà òdì-kejì ni à ń wò, kì í ṣe àwọ̀ kan àti àìsí àwọ̀.

Òjé ni funfun àwọn akunlé ilẹ̀ Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, òjé yìí kan náà sì wà nínú èròjà ìyeyè tí wọ́n ń fi chromium ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Májèlé ni òjé. Ó máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ilẹ̀ Faransé ṣòfin lórí funfun òjé ní 1909. Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe àdéhùn lórí rẹ̀ ní 1921. Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé ní 1978, ó sì dín ìwọ̀n tí òfin gbà kù ní 2009 sí ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan. Fún ẹni tí ó ń gbé ilé àtijọ́, ewu náà kò sí nínú àwọ̀ tuntun tí ó fẹ́ yàn bí kò ṣe nínú èyí tí ó fẹ́ ha kúrò. Fífi sáńdípépà gbígbẹ ha irú ògiri bẹ́ẹ̀ a máa sọ òjé di eruku tí ọmọdé lè fà símú tàbí kí ó fi ọwọ́ gbé e sẹ́nu. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀dà náà wò, kí a sì jẹ́ kí ó tutù bí iṣẹ́ bá kàn án.

Ìmọ́lẹ̀ inú yàrá

Nọ́ńbà kan wà tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń kọ sí ẹ̀yìn káàdì àpẹẹrẹ ọ̀dà, tí ó ń sọ ìpín ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀dà náà ń dá padà. Òdo ni ti dúdú tí ó gbé gbogbo ìmọ́lẹ̀ mì, 100 sì ni ti funfun tí kò gbé ohunkóhun mì. Kò sí ọ̀dà ògiri kankan tí ó dé ibi méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà funfun wà láàrin 80 àti díẹ̀ lé ní 90. Kírímù sábà máa ń wà láàrin 70 àti 85. Ká mú funfun kan tí ó jẹ́ 85 àti kírímù kan tí ó jẹ́ 75. Bí a bá fi ètò CIE ti 1976 ṣe ìṣirò bí ojú ṣe ń rí mímọ́lẹ̀ wọn, funfun yóò gba 94, kírímù yóò sì gba 89. Ní ojú, ìyàtọ̀ náà kò pọ̀.

Ṣùgbọ́n yàrá kì í ṣe ògiri kan ṣoṣo. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá gba ojú fèrèsé wọlé a máa ta láti ara ògiri kan sí òmíràn, sí àjà, sí ilẹ̀, kí ó tó kú. Bí gbogbo ojú tí ó wà nínú yàrá bá ń dá ìpín 60 nínú 100 padà ní ìpíndọ́gba, àròpọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ yóò jẹ́ ìlọ́po 2.5 èyí tí ó kọ́kọ́ wọlé. Bí ìpíndọ́gba náà bá lọ sílẹ̀ sí 55, yóò di ìlọ́po 2.2. Yíyí ògiri láti 85 sí 75 lè fa irú àdínkù bẹ́ẹ̀, nítorí pé nígbà tí a bá yọ fèrèsé, ìlẹ̀kùn, àga àti kọ́bọ́ọ̀dù kúrò, ògiri kì í ju nǹkan bí ìdajì gbogbo ojú yàrá lọ. Àdínkù náà tó ìdá 11 nínú 100. Ní yàrá tí ó ní fèrèsé méjì ńlá, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo dojú kọ ògiri ilé kejì, bí ó ti wọ́pọ̀ nínú àwọn ilé tí ó fún mọ́ra ní Èkó àti Ìbàdàn, ó lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàrin kíkàwé ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ àti títan iná.

Títa síwá-sẹ́yìn yìí ló tún ń fa ohun tí ó máa ń ya onílé lẹ́nu jù lọ. Èròjà ìyeyè inú kírímù a máa gbé ìpín búlúù inú ìmọ́lẹ̀ mì. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ti kan ògiri kírímù lẹ́ẹ̀kan ti pọ́n díẹ̀. Tí ó bá kan ògiri kejì, yóò tún pọ́n sí i. Bí a bá kun ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kírímù náà a ki ju bí ó ti rí lórí káàdì tí a fi ọwọ́ mú lọ. Nítorí náà ni àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà fi máa ń gba ẹni tí ó bá fẹ́ràn kírímù kan lórí káàdì nímọ̀ràn pé kí ó mú èyí tí ó fẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ ní ìpele kan. Funfun kì í ní ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n òun ni ó ń gba àwọ̀ ohun tí ó bá wà nítòsí jù: pápá tí ó wà níta fèrèsé lè sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé, ilẹ̀ pupa àgbàlá sì lè jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n ní ọ̀sán gangan.

Ibi tí fèrèsé dojú kọ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kì í ṣe bákan náà ní gbogbo ayé. Ìmọ̀ràn kan tí ó wọ́pọ̀ nínú ìwé àwọn ará Yúróòpù ni pé kí a fi kírímù sí yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àríwá, nítorí pé oòrùn kì í dé ibẹ̀ dáadáa, tí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ a sì máa dà bí ẹni pé ó tutù. Òtítọ́ ni èyí ní London, tí ó wà ní ìwọ̀n 51.5 ní àríwá ìlà-agbedeméjì ayé. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ọ̀sán kì í ga ju nǹkan bí ìwọ̀n 15 lọ níbẹ̀, ìhà gúúsù ni ó sì máa ń wà ní ọ̀sán jálẹ̀ ọdún. Ẹni tí ó bá gbé ìmọ̀ràn yìí wá sí Èkó ti gbé e dé ibi tí kò ti bá ilẹ̀ mu. Èkó wà ní ìwọ̀n 6.5 péré. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà níbẹ̀, ní àwọn oṣù tí ó kù, ìhà gúúsù ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ó lọ sílẹ̀ jù lọ nínú ọdún, ó ṣì ga tó ìwọ̀n 60. Oòrùn tí ó ga bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, nítorí pé ìgbátí òrùlé a máa dí i. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń dé ara ògiri jẹ́ èyí tí ó ti kan ilẹ̀ àgbàlá, ògiri fẹ́ǹsì tàbí òrùlé aládùúgbò ná. Nítorí náà, ní ilẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi yàrá kì í ṣe “níbo lo dojú kọ?” bí kò ṣe “kí ni ó wà níta fèrèsé rẹ?” Àyàfi yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, tí oòrùn òwúrọ̀ tàbí ti ìrọ̀lẹ́ máa ń wọ̀ tààrà. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, funfun a máa ta síni lójú fún wákàtí kan tàbí méjì, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó ń wọ̀ a sì máa sọ òun gan-an di kírímù.

Ní alẹ́, gílóòbù ni ó ń ṣe ìpinnu. Nọ́ńbà Kelvin tí a kọ sí ara páálí rẹ̀ ni ó ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Gílóòbù tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2700 ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ó pọ́n bíi ti gílóòbù onírin-gbígbóná àtijọ́. Èyí tí ó jẹ́ 6500 ń tan ìmọ́lẹ̀ funfun tí ó fara jọ ti ọ̀sán tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Lábẹ́ 2700, funfun àti kírímù a súnmọ́ra débi pé ó lè ṣòro láti yà wọ́n. Lábẹ́ 6500, funfun a mọ́ kedere, kírímù kan sì lè dà bí ohun tí ó ti gbó. Ọ̀dà méjì tún wà tí wọ́n lè bára mu lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan tí wọn kò sì ní bára mu lábẹ́ òmíràn, nítorí pé èròjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Èyí ni ìdí tí àpẹẹrẹ tí a yàn lábẹ́ iná ilé ìtajà fi máa ń yí padà nígbà tí a bá gbé e délé.

Iṣẹ́ tí ojú ń ṣe

Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà tí ó ń bójú tó iṣẹ́ ìparẹ́-aṣọ ní ilé-iṣẹ́ Gobelins ní Paris, gbọ́ ẹ̀sùn pé àwọn aró kan kò dára tó. Nígbà tí ó yẹ̀ wọ́n wò, ó rí i pé kì í ṣe gbogbo wọn ni àléébù wà lára wọn. Àwọ̀ tí wọ́n hun sí ẹ̀gbẹ́ wọn ni ó ń yí bí wọ́n ṣe hàn padà. Ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde ní ọdún 1839. Ohun tí ó sọ níbẹ̀ kan funfun àti kírímù gbọ̀ngbọ̀n. Bí a bá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kírímù a pọ́n ju bí ó ti rí gan-an lọ, funfun a sì tan sí búlúù. Ìfiwéra ẹ̀gbẹ́-sí-ẹ̀gbẹ́ dára láti mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe rí nígbà tí òun nìkan bá wà nínú yàrá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti kọ kírímù nítorí bí ó ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun, nígbà tí kò sí funfun kankan nínú yàrá wọn.

Ojú tún ní ìwà mìíràn. Bí ènìyàn bá pẹ́ díẹ̀ nínú yàrá kan, ojú rẹ̀ a mọ́ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ lára, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ó mọ́lẹ̀ jù níbẹ̀ sí funfun. Nínú yàrá tí gbogbo ògiri àti àjà rẹ̀ jẹ́ kírímù, kò ní pẹ́ tí ògiri náà yóò fi funfun lójú ẹni tí ó jókòó síbẹ̀. Àjà funfun ni kì í jẹ́ kí èyí rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ojú ń rí ohun tí ó funfun jù ú lọ ní gbogbo ìgbà. Ohun kan náà ni ìlẹ̀kùn funfun, férémù fèrèsé funfun, àti àtùpà ògiri funfun ń ṣe. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí kírímù rẹ̀ hàn gẹ́gẹ́ bíi kírímù yóò fi funfun yí i ká. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò kun àjà náà pẹ̀lú rẹ̀.

Bí a ṣe ń fi wọ́n wéra

Ọ̀nà tí ó dájú jù ni láti kun pátákó méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ní gígùn àti ní ìbú, ní ìpele méjì, kí a sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ di ọjọ́ kejì. Pátákó dára ju kíkun ara ògiri lọ, nítorí pé a lè gbé e láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ sí igun tí ó ṣókùnkùn, ògiri àtijọ́ kò sì ní máa yọ lábẹ́ rẹ̀. A ó kọ́kọ́ wo méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà, a ó gbé ọ̀kan kúrò pátápátá, a ó sì fi èyí tí ó kù sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan: ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, àti ní alẹ́ lábẹ́ gílóòbù tí a ó máa lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, a ó pààrọ̀ wọn. Àkókò tí a máa ń lo yàrá náà jù ni ó yẹ kí ó borí. Kò sí èrè nínú yíyan àwọ̀ iyàrá ìbùsùn nítorí bí ó ṣe rí ní aago méjìlá ọ̀sán, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Kò yẹ kí a gbé pátákó náà lé ògiri tí ó ní àwọ̀ líle láì fi ohun funfun tàbí àwọ̀ eérú yí i ká, nítorí ohun tí Chevreul sọ. Ó sì yẹ kí dídán ọ̀dà méjèèjì dọ́gba. Ọ̀dà olóróró tí ó ń dán a máa jẹ́ kí funfun hàn kedere ju ọ̀dà olómi tí kò dán lọ, ìfiwéra tí kò bá ka èyí sí a máa fi dídán wé àwọ̀.

Ìdọ̀tí, ọjọ́ orí àti àtúnkùn

Kírímù máa ń bo eruku mọ́lẹ̀ ju funfun lọ ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdí rẹ̀ sì wà nínú èròjà. Èròjà irin ni ó fún ilẹ̀ pupa ní àwọ̀ rẹ̀, ìbátan rẹ̀ náà ni ó sì wà nínú ọ̀dà kírímù, nítorí náà eruku tí ó bà lé e kì í jìnnà sí àwọ̀ rẹ̀. Èéfín kì í ṣe ojúsàájú bẹ́ẹ̀. Dúdú ni, bákan náà ni ó ṣe ń hàn lára méjèèjì. Ọ̀dà olóróró funfun ní àléébù kan tí ọ̀dà olómi kò ní: ó máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, pàápàá níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé, bí ẹ̀yìn àwòrán tàbí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Bí a bá sún kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrò, ẹ̀yìn rẹ̀ a ti di kírímù láì sẹ́ni tí ó kùn ún.

Nípa àtúnkùn, funfun ni ó rọrùn jù. Bí apá kan ògiri bá bàjẹ́, funfun tí a rà ní ọdún kejì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan náà a sábà súnmọ́ ti àkọ́kọ́, bí ti àkọ́kọ́ kò bá tíì pọ́n. Kírímù kò rí bẹ́ẹ̀, pàápàá èyí tí akunlé fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò, nítorí pé èròjà ìyeyè díẹ̀ péré ti tó láti yí gbogbo garawa padà. Nítorí náà, iye tí ó kárí yàrá ni a gbọ́dọ̀ pò lẹ́ẹ̀kan náà. Yàrá tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú àti ní òró, tí ògiri rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ní nǹkan bí mítà alábàá mẹ́rin 40 láti kùn lẹ́yìn tí a bá yọ ìlẹ̀kùn àti fèrèsé. Bí lítà kan bá kárí mítà 10, ìpele méjì yóò gba lítà 8. Bí ó bá ju garawa kan lọ, àwọn akunlé tí ó mọ iṣẹ́ a máa da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ohun èlò ńlá kan, wọn a rò ó pọ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, wọn kì í pààrọ̀ garawa ní àárín ògiri bí kò ṣe ní igun. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni a ń dé pa sínú ìgò tàbí ike kékeré, pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà àwọ̀ tí a kọ sí i lára.